Ẹ yé pín ara sí wẹ́wẹ́ nídìí irin gbígbé: gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan ló yẹ àgbà

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ìṣubú àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òwe nìkan. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́, lè má rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí irú èyí bá sì ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Okun ẹsẹ̀ ló ti ń dínkù láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹni tó ni ẹsẹ̀ kò sì fura.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ irin gbígbé fi kan ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló gbà pé iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi àyà gbàǹgbà ṣe fáàrí ni. Láti nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ara èèyàn ti ń joro. Láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ìdá mẹ́ta sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ, ó sì máa ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Lọ́dún 1989, onímọ̀ ìṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Irwin Rosenberg, fún ìjoro iṣan yìí lórúkọ, ó pè é ní sarcopenia. Ẹni tó bá ti ń fọwọ́ ti orúnkún kó tó lè dìde lórí àga kò nílò orúkọ òyìnbó kó tó mọ ohun tí à ń wí.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọ̀nà ti dí. Lọ́dún 1990, Dókítà Maria Fiatarone àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Boston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Èèyàn mẹ́wàá ni wọ́n mú, ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti 86 dé 96. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù tó wúwo, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko. Nígbà tí wọ́n parí, agbára ẹsẹ̀ àwọn mẹ́sàn-án tó ṣe é dópin, tí a bá pín in dọ́gba láàárín wọn, ti ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn méjì tó ń fi ọ̀pá rìn tẹ́lẹ̀ kò lò ó mọ́. Bí ẹni àádọ́rùn-ún ọdún bá lè rí èyí gbà, kí ni ẹni ọgọ́ta ọdún yóò sọ?

Ìbéèrè tó kù ni ọ̀nà tó yẹ kí àgbà gbà gbé irin. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí ohun tí wọ́n rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń ṣe. Bí ẹ bá wọ jíìmù n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó pín ara wọn bí ẹni pín ẹran ọdún: ọjọ́ Ajé fún àyà, Ìṣẹ́gun fún ẹ̀yìn, Ọjọ́rú fún ẹsẹ̀, Ọjọ́bọ̀ fún èjìká, ọjọ́ Ẹtì fún apá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ń rí iṣẹ́ lọ́sẹ̀.

Ìlànà àwọn tó ń díje nídìí ara títò ni èyí. Ẹni tó jẹ́ kí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Arnold Schwarzenegger, ọmọ ilẹ̀ Austria tó di ará Amẹ́ríkà, tó gba ife-ẹ̀yẹ Mr. Olympia lẹ́ẹ̀meje, láti 1970 dé 1975 àti lọ́dún 1980. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ló fi ń gbé irin, ó ń jẹun, ó ń sùn nítorí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun lo oògùn tó ń mú iṣan tóbi. Ṣáájú rẹ̀, Steve Reeves, tó di Mr. America lọ́dún 1947, kò pín ara rárá. Gbogbo ara ló ń lò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, yóò sì fi ọjọ́ kan sinmi láàárín. Ìlànà ti Reeves yìí ló yẹ kí àgbà padà sí.

Ìdí àkọ́kọ́ wà nínú iṣan fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1995, àwọn onímọ̀ Yunifásítì McMaster ní Kánádà wo bí iṣan àwọn ọ̀dọ́kùnrin ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn irin gbígbé. Lẹ́yìn wákàtí 24, iṣẹ́ àtúnṣe náà ti di ìlọ́po méjì. Nígbà tó fi máa di wákàtí 36, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà. Èyí túmọ̀ sí pé àyà tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé ti parí àtúnṣe rẹ̀ kí Ọjọ́rú tó lọ tán, síbẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé mìíràn ni kò ní ríṣẹ́ ṣe. Ńṣe ló dà bí ọkọ̀ tí mẹkáníìkì ti tún ṣe tán, àmọ́ tí ẹni tó ni ín kò wá gbé e.

A kò ní purọ́ fún yín pé idán kan wà níbẹ̀. Brad Schoenfeld àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2016, wọ́n sì rí i pé iṣan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ń dàgbà ju èyí tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́dún 2019, wọ́n ní bí àpapọ̀ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà bá dọ́gba, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà, ẹni tí kì í pa ọjọ́ kankan jẹ kò ṣẹ̀ bó bá pín ara.

Àmọ́, ta ni nínú wa ni kì í pa ọjọ́ jẹ? Òjò lè rọ̀, ọjọ́ ọjà lè pé, ìsìnkú lè wà lábúlé kejì, ọmọ lè ní kí ẹ wá wo ọmọ ọwọ́. Ibí ni ìṣirò ti dé. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ sí Ọjọ́rú nìkan, tí Ọjọ́rú náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wà láìṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lo gbogbo ara lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, bó bá pàdánù ọjọ́ kan, méjì ṣì wà nílẹ̀ fún un. Ẹsẹ̀ tí àwọn tó pín ara sì sábà máa ń sá fún, nítorí pé òun ló nira jù, gan-an ni ẹ̀yà tí àgbà nílò jù.

Àjọ ìlera àgbáyé náà fọwọ́ sí i. Nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020, wọ́n ní kí gbogbo àgbàlagbà ṣe ohun tó ń mú iṣan le, tó sì kan gbogbo iṣan ńláńlá ara, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn tó ti pé ọdún 65 tún fi eré ìdúróṣinṣin kún un lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n má baà máa ṣubú.

Ẹ tún wo àwọn ọmọ wa tó gba góòlù nídíje àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ní Birmingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2022. Adijat Olarinoye gbé àpapọ̀ kílò 203 nínú ìpín kílò 55, Rafiatu Folashade Lawal sì gbé 206 nínú ìpín kílò 59. Irin tí wọ́n gbé láti ilẹ̀ dé òkè orí kò mọ apá yàtọ̀ sí itan. Ẹsẹ̀ ló ti ilẹ̀, ẹ̀yìn ló dúró gbọin, èjìká ló parí rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Àgbẹ̀ kan lè ní, "Ọkọ́ ni mo ń lò láti kékeré, irin wo ni mo tún fẹ́ gbé?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bó bá ṣì ń roko. Àmọ́ ọkọ́ kì í wúwo sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀yìn ló sì ń tẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin àgbà ni àwọn ọmọ sì ti ní kí ẹ jókòó. Wọ́n ń pọnmi fún yín, wọ́n ń gbé àga fún yín. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín yẹn ló ń mú iṣan yín dúró.

Kò dìgbà tí ẹ bá sanwó jíìmù. Lítà omi kan, kílò kan ni, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún tó kún jẹ́ irin kílò márùn-ún. Ohun márùn-ún lẹ ó máa ṣe lọ́jọ́ kan náà. Àkọ́kọ́, ẹ gbé àga ti ògiri, kí ẹ dìde, kí ẹ sì rọra jókòó láìfọwọ́ ti nǹkan. Bó bá ti rọrùn, ẹ gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ àyà. Ìkejì, ẹ fọwọ́ méjèèjì ti ògiri bí ẹni fẹ́ wó o, nígbà tó bá yá ẹ lo etí tábìlì. Ìkẹta, ẹ fi ọwọ́ kan di tábìlì mú, kí ẹ fi èkejì fa kẹ́ẹ̀gì wá sí ìhà, bí ẹni ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, àmọ́ kó jẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìkẹrin, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì méjì nílẹ̀, kí ìdí lọ sẹ́yìn, kí ẹ̀yìn dúró ṣánṣán, kí ẹ sì dìde. Ìkarùn-ún, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì sí ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ rìn ní ogún ìṣísẹ̀.

Ẹ ṣe mẹ́rin àkọ́kọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí méjìlá, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí méjìlá bá ti rọrùn, ẹ bu omi díẹ̀ kún kẹ́ẹ̀gì. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ di àga mú, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó ti ń lọ sí jíìmù tẹ́lẹ̀, tó ń ṣe ìpele méjìlá fún àyà lọ́jọ́ kan, kó pín in sí mẹ́rin mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́ta, kó sì dín irin náà kù fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí okun ṣì wà.

Ẹ má ṣe sé èémí mọ́nú. Bí ẹ bá ń gbé e sókè ni kí ẹ máa mí síta, nítorí èémí tí a sé máa ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ìpá, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Kí ara máa ro ni fún ọjọ́ méjì kò léwu, ṣùgbọ́n bí oríkèé bá ń dùn yín tàbí àyà ń fún yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tàbí wàrà, torí òun ni iṣan fi ń kọ́lé.

Bí ọmọ yín bá tún wá ní, "Bàbá, ẹ jókòó," tàbí "Màmá, ẹ jókòó," ẹ dá a lóhùn pé ẹ ó jókòó, ṣùgbọ́n pé ẹ ó kọ́kọ́ dìde nígbà mẹ́wàá.