Àmì Ìdánimọ̀ Jẹjẹrẹ Sakómà

Àwọn àgbà a máa wí pé gbogbo alángbá ni ó da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ kókó tí ó máa ń yọ sí ènìyàn lára. Òmíràn jẹ́ ọ̀rá lásán tí kì í pani lára; òmíràn sì jẹ́ jẹjẹrẹ tí ó lè gba ẹ̀mí. Nínú àwọn jẹjẹrẹ tí ó ṣòro láti dá mọ̀ ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sakómà.

Sakómà a máa bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn ohun tí ó so ara pọ̀ tí ó sì gbé e ró: egungun, kèrékèré, ọ̀rá, ẹran ara, àti òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Nínú 100 àgbàlagbà tí jẹjẹrẹ mú, bí ẹnì kan péré ni ó ń ní i. Ṣùgbọ́n bí ó ti ṣọ̀wọ́n tó yìí, oríṣi rẹ̀ ju 50 lọ, oògùn tí ó sì ń ṣẹ́gun ọ̀kan lè má ṣe èkejì ní nǹkan kan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣi orúkọ rẹ̀ pè, ó ṣeé ṣe kí ó ṣi oògùn rẹ̀ lò.

Kí orúkọ náà tó lè hàn, dókítà yóò mú díẹ̀ nínú kókó náà. Wọn a rẹ ẹ́ sínú fọ́málínì kí ó má baà rà, wọn a fi ìda mú un le, wọn a sì rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí 200 irú rẹ̀, bí a bá tò wọ́n lé ara wọn, kò ní ga ju mílímítà kan lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọn a fi aró méjì kùn ún, ọ̀kan elésè-àlùkò, èkejì pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọn a sì fi maikirosíkóòpù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, wò ó. Nígbà púpọ̀ ni ìdáhùn ti máa ń jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sakómà ni ó jọra bí ìbejì: sẹ́ẹ̀lì wọn gùn, ó sì tín-ín-rín ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ayé àtijọ́, bí àlejò bá wọ ìlú, ilà ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò láti mọ ìdílé rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà ní ilà tirẹ̀, àwọn purotéènì tí ó bá a wá láti ibi tí ó ti ṣẹ̀ ni. Láti rí ilà yìí, àwọn onímọ̀ a máa lo agbóguntàrùn, ohun-ìjà kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ ọ̀tá tirẹ̀ bí kọ́kọ́rọ́ ti mọ àgádágodo rẹ̀. Ní ọdún 1941, Albert Coons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà so aró tí ń tàn mọ́ agbóguntàrùn. Ní ọdún 1975, Georges Köhler àti César Milstein ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ọ̀nà láti máa pèsè irú kan ṣoṣo rẹ̀ láìlópin. Lónìí, wọn a da agbóguntàrùn sórí ìrẹ́ ẹran náà, wọn a ṣan èyí tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan dànù, wọn a sì mú kí ibi tí ó lẹ̀ mọ́ di búráùn.

Bí myogenin bá hàn, ó jẹ́ ẹ̀rí pé kókó náà bá ẹran tí a fi ń rìn tan. Bí ERG bá hàn, a ó fura sí òpó ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Àmì CD34, fún àpẹẹrẹ, wà lára oríṣiríṣi kókó. Nítorí náà, àmì mélòó kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò pọ̀, wọ́n sì ń fi ohun tí ojú rí nínú maikirosíkóòpù ṣe ìpìlẹ̀.

Ọ̀ràn GIST, kókó kan tí ó máa ń hù lára àpòlúkù àti ìfun, fi ìwúlò èyí hàn. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn fi kà á mọ́ jẹjẹrẹ ẹran ara ògiri ìfun, àwọn oògùn ìgbà náà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ràn án. Ní ọdún 1998, Seiichi Hirota àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáánì fi hàn pé purotéènì KIT ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, tí ó sì ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì láti máa pín láìdúró. Ní ọdún 2000, wọ́n fún aláìsàn kan ní Finland ní imatinib, oògùn tí ń pa KIT lẹ́nu mọ́, kókó rẹ̀ sì súnkì. Ní ọdún 2002, ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí oògùn náà fún GIST. Láti ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá rí àmì KIT lára kókó ìfun rẹ̀ ní ìrètí tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kò ní.

Ṣùgbọ́n mímọ ìdílé kò tó. Ó yẹ kí a mọ ìwà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń wọn ìwà sakómà ní ọ̀nà tí àwọn ará Faransé gbé kalẹ̀ ní ọdún 1984. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè. Èkíní, báwo ni ó ti jọ ẹran ara tí ó ti ṣẹ̀ tó? Máàkì 1 sí 3 ni èyí. Èkejì, mélòó nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni ó ń pín sí méjì? Máàkì 1 sí 3 ni èyí náà. Ẹ̀kẹta, báwo ni apá tí ó ti kú nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó? Máàkì 0 sí 2 ni. Bí àròpọ̀ bá jẹ́ 2 tàbí 3, ìpele kìíní ni. 4 tàbí 5, ìpele kejì. 6 sí 8, ìpele kẹta, èyí tí ó rorò jùlọ. GIST ní ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹni tí kò bá mọ irú sakómà kò lè dáhùn ìbéèrè èkíní bí ó ti yẹ. Àmì ìdánimọ̀ ni ó sì ń ṣí ọ̀nà náà. Àmì Ki-67, tí wọ́n rí ní ìlú Kiel ní Jámánì, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1983, ń ṣe ìrànwọ́ pẹ̀lú: sẹ́ẹ̀lì tí ń pín ní i, èyí tí ń sinmi kò ní i.

Gbogbo ọgbọ́n yìí kò lè ran kókó tí a gé sọnù láìyẹ̀ wò lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ sakómà kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí kókó ń tóbi sí lára má ṣe dúró de ìrora. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì mú díẹ̀ yẹ̀ wò kí wọ́n tó gé e kúrò.