Èèpo Kọfí Kì í Ṣe Ohun Ìdànù

Ẹnikẹ́ni tí a bá tọ́ dàgbà ní abúlé yóò ti rí i pé ẹ̀fọ́ tí ó bá lalẹ̀ hù lórí ààtàn a máa tutù yọ̀yọ̀ ju èyí tí a fi ọwọ́ gbìn lọ. Àwọn àgbà sì máa ń wí pé ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Ọgbọ́n àtijọ́ yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé ọ̀ràn kan tí ó kan àwọn àgbẹ̀ kọfí orí òkè Mambilla, ní Ìpínlẹ̀ Taraba, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù.

Òkè náà ga tó nǹkan bí 1,600 mítà ju ojú òkun lọ, ojú ọjọ́ ibẹ̀ sì tutù. Nítorí èyí ni irú kọfí tí à ń pè ní Arábíkà fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ilé-Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, ní ẹ̀ka kan ní Kusuku lórí òkè yìí.

Bí èso kọfí bá pọ́n, a máa pupa, hóró méjì a sì wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ wọn kan ara. Bí a bá fi omi pèsè rẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò bó èèpo tútù kúrò, a ó sì fọ oje tí ń yọ̀ bí ilá kúrò lára hóró. Bí a bá sì sá a gbẹ, èèpo gbígbẹ bí ìyàngbò ni yóò kù. Nínú 100 kílò èso tútù, èèpo tútù nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 kílò, bẹ́ẹ̀ ni hóró gbígbẹ tí a ó tà kì í sábà ju 20 kílò lọ. Ohun tí à ń dà nù pọ̀ ju ohun tí à ń tà lọ!

Bí a bá da èèpo náà sí odò, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tí ń jẹ ẹ́ yóò gba afẹ́fẹ́ inú omi tán. Ẹja yóò kú, omi yóò máa rùn, àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò ni yóò sì pọn ọ́n. Bí a bá sì kó o ní tútù sí ìdí irúgbìn, kaféènì inú rẹ̀ lè dí ìdàgbà ọmọ irúgbìn lọ́wọ́. Nínú òkìtì ni ó ti ń di ohun rere.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Kí òkìtì jìnnà sí odò, kí ó sì wà ní apá òkè oko, kí ẹrù lè máa sọ̀kalẹ̀ nígbà tí a bá ń pín ajílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ èèpo tútù fún ọjọ́ méjì kí omi rẹ̀ ro. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sílẹ̀, ẹ da èèpo lé e, ẹ fi ìgbẹ́ màlúù díẹ̀ bò ó, kí ẹ sì bu eérú wọ́n ọn, nítorí èèpo náà kan. Ìgbẹ́ màlúù kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, nítorí àwọn Fúlàní darandaran pọ̀ lórí òkè náà. Ẹ máa tò ó bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ga tó mítà kan àbọ̀. Koríko ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Èèpo ní náítírójìn àti pọtásíọ̀mù. Ìgbẹ́ màlúù sì ń mú àwọn kòkòrò tí yóò ṣiṣẹ́ wá.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, inú òkìtì yóò gbóná tó ìwọ̀n 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, èyí tí ń pa èso èpò àti ọ̀pọ̀ àrùn. Ẹ ki àdá bọ̀ ọ́, ẹ fà á yọ, kí ẹ sì fọwọ́ kàn án. Bí ooru bá ti ń dínkù, ẹ yí òkìtì náà, kí ti òde bọ́ sínú. Ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, kí òjò má baà fọ oúnjẹ inú rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ni kí ó jáde. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò dúdú, yóò tutù, yóò sì máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Kí a tó lò ó, ẹ gbin ẹ̀wà mẹ́wàá sínú rẹ̀, àti mẹ́wàá sínú erùpẹ̀ lásán. Bí ti inú erùpẹ̀ bá hù dáadáa tí ti inú ajílẹ̀ kò hù, kò tí ì jinná nìyẹn.

Àgbẹ̀ lè béèrè pé, “Ta ni yóò ru ẹrù yìí?” Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n òkìtì a máa súnkì gidigidi, ohun tí a ó rù kì í sì í tó èyí tí a tò jọ. Lóòótọ́, kì í tètè fi agbára hàn bí ajílẹ̀ inú àpò. Síbẹ̀ ó ń so erùpẹ̀ pọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ó di omi mú, èyí tí ó ṣe pàtàkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí àgbàrá ń wọ́ ilẹ̀ lọ. N kò wí pé kí àgbẹ̀ má ra ajílẹ̀ mọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ó má fi owó ra ohun tí ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ dà sódò.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni ibi tí ó dára jù láti fi èyí han àwọn ọmọ. Níbi tí kò bá sí kọfí, èèpo ẹ̀pà tàbí pòròpórò yóò ṣe é. Kí àwọn ọmọ tò ó, kí wọ́n yí i, kí wọ́n sì fi ẹ̀wà dán an wò. Bí wọ́n bá padà sílé, wọn yóò ní ohun tí wọn yóò sọ fún bàbá wọn lóko.