Táyà Kẹ̀kẹ́ fún Ọ̀nà Olókùúta

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ la fi ra táyà kan nígbà kan. Ẹni tó tà á búra pé 28 ni, 28 náà sì ni lóòótọ́. A gbé e délé, fọkanáísà fà á títí, kò wọ rọ́ọ̀mù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ ó rí 40-635 tàbí 37-622. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà. Èyí ìkẹyìn ni ìwọ̀n ibi tó ti jókòó lórí rọ́ọ̀mù, ní mìlímítà. Méjèèjì ni wọ́n ń pè ní 28, ṣùgbọ́n ọ̀kan ò lè rọ́pò èkejì.

Ẹni tó ń gba títì ọlọ́dà nìkan, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dán tó fún un. Àwa tí à ń bọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́ ká tó dé oko, èyí tó fẹ̀ ni ká rà, bí fọ́ọ̀kì àti mọ́gáàdì bá gbà á. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè dín díẹ̀, kò ní máa ta kẹ̀kẹ́ sókè. Kó má rọ̀ jù o! Bí iṣu bá wà lẹ́yìn, òkúta á tẹ tíúbù mọ́ rọ́ọ̀mù, ihò méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Táyà ẹ̀yìn ló ń ru ẹrù, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ ju ti iwájú. Eyín ńláńlá, ẹrẹ̀ ló wà fún. Lórí ọ̀dà, àárẹ̀ lásán ni.

Ẹ kọ nọ́ńbà táyà àtijọ́ sínú ìwé kí ẹ tó lọ sọ́jà. Tiwa yẹn, àwọn ọmọ ló ń yí i kiri àdúgbò.