Kúlúsọ Ìdí Ògiri Wa

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ mi obìnrin, Àdùkẹ́, ẹni ọdún méje, bi mí ní ìbéèrè kan tí ó kó ìtìjú bá mi. Ó dojú bolẹ̀ sórí iyanrìn abẹ́ etí òrùlé wa, lẹ́yìn ilé ìdáná níbi tí òjò kì í dé, ó ń fi igi ìṣáná tọ́ ihò kúlúsọ.

Ó ní, “Màmá, bí kúlúsọ bá dàgbà tán, kí ni ó ń dà?”

Mo dá a lóhùn pé, “Kúlúsọ ni yóò máa jẹ́ títí yóò fi kú. Dìde nínú ìdọ̀tí yẹn, kí o lọ fọ ọwọ́ rẹ.”

Irọ́ ni mo pa, ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìmọ̀ ètò ilé, tí mo lè ṣàlàyé bí ẹyin eṣinṣin ṣe ń di ìdin lórí ẹran tí a kò bò, n kò mọ ohun tí ẹ̀dá tí èmi pàápàá fi ṣeré ní kékeré ń dà. Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé bàbá àwọn ọmọ ti ra sìmẹ́ńtì sílẹ̀. Bírikìlà ń bọ̀ láti fi kọnkéré rẹ́ ìdí ògiri ilé wa yí ká, kí àgbàlá lè mọ́ tónítóní. Èmi gan-an ni mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe é.

Ìwé tí mo lọ yẹ̀ wò kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Láti ọdún 1742 ni ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Réaumur, ti kọ ìtàn ayé kúlúsọ sínú ìwé. Irú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti kà káàkiri àgbáyé tó 2,000. Ìdin ni kúlúsọ jẹ́, gẹ́gẹ́ bí kòkòrò onírun ṣe jẹ́ ọmọ labalábá. Ìyẹ́ ni ó ń hù níkẹyìn.

Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì, mo tẹ́ ẹní sí ìdí ògiri, èmi àti ọmọ mi sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Aládùúgbò wa kan tí ó ń kọjá lọ béèrè bóyá kò sí nǹkan. Mo ní kò sí nǹkan.

Ihò kúlúsọ rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Ẹ̀yìn ni ó ń rìn, ó ń yí po, ó ń fi ìdí wa ilẹ̀, ó sì ń fi orí da iyanrìn síta bí ẹni tí ó ń lo ṣọ́bìrì. Ó ń gbẹ́ ẹ títí ẹ̀gbẹ́ ihò náà yóò fi ga dé ibi tí iyanrìn lè dúró mọ, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èèrà bá fi ẹsẹ̀ kan tẹ etí rẹ̀, iyanrìn yóò yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí èèrà náà bá fẹ́ gùn jáde, kúlúsọ yóò máa ju iyanrìn lù ú láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí dòjé, wọ́n sì ní ihò nínú. Ibẹ̀ ni ó ń gbà fi oró sínú ẹran rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ń gbà fa omi ara rẹ̀ mu. Lẹ́yìn èyí, yóò ju èèpo rẹ̀ síta. Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé kúlúsọ kì í yàgbẹ́. Gbogbo ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń kó pamọ́ sínú ara títí di ọjọ́ tí ó bá hu ìyẹ́, èyí tí ó lè tó ọdún kan sí mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ìtẹ́dìí lójoojúmọ́, mo mọ̀ pé ẹ ó jowú ìyá rẹ̀.

Fóònù ọwọ́ mi ni a fi ya àwòrán, pẹ̀lú awò kékeré tí a ń fi há ojú kámẹ́rà rẹ̀ kí ohun tíńtín lè tóbi. Òwúrọ̀ ni ó dára jù, nítorí pé oòrùn dàgẹ̀rẹ̀ nígbà náà, òjìji a sì máa fi jíjìn ihò hàn. Ní ọ̀sán gangan, ihò náà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ lójú àwòrán. Mo da abọ́ kan dé, mo gbé fóònù lé e kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n. Láti ya kúlúsọ fúnra rẹ̀, a fi ṣíbí bù ú pẹ̀lú iyanrìn, a gbé e sórí àwo funfun, a yà á kíákíá, a sì dá a padà síbi tí a ti mú un. Kò lè ṣe ọmọ ní ibi. Ṣùgbọ́n jìgá àti aràn tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé lè wà nínú iyanrìn tí ajá àti ènìyàn ń yàgbẹ́ sí, nítorí náà ẹ wo ibi tí ẹ ó tẹ́ ẹní sí dáadáa, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ lẹ́yìn eré.

Àwọn ará Yúróòpù àti ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ní ìbátan kúlúsọ kan tí wọ́n ń pè ní snakefly nítorí ọrùn rẹ̀ gígùn tí ó ń nà sókè bí ejò. Abẹ́ èèpo igi ni ọmọ rẹ̀ ń gbé. Òtútù ni ó nílò kí ó tó lè dàgbà, nítorí náà a kò lè rí i nílé wa níhìn-ín.

A bu kúlúsọ ńlá kan sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tí a da iyanrìn gbígbẹ sí, a ń fún un ní èèrà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ihò rẹ̀ wó, kò sì tún un gbẹ́ mọ́. Àdùkẹ́ sunkún pé a ti pa á. Nígbà tí mo rọra fi ṣíbí wá a, ìṣù iyanrìn roboto kan ni mo rí, tí kò tóbi ju èso ẹ̀pà lọ. Ó ti ran okùn yí ara rẹ̀ ká. Ẹ rántí pé ẹnu ni kòkòrò tí a ń rí òwú sányán lára rẹ̀ fi ń ran òwú tirẹ̀. Ìdí ni kúlúsọ fi ń ran tirẹ̀. Mo fi igi ṣóńṣó kan sínú ìgò kí ó lè rí ohun gùn, a sì ń dúró.

Bírikìlà dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo bẹ bàbá àwọn ọmọ kí ó fún mi ní oṣù kan sí i. Ó ní sìmẹ́ńtì yóò dì sínú àpò. Òótọ́ ni ó sọ, n kò sì rí èsì fún un, àfi pé mo ti parọ́ fún ọmọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Àdùkẹ́ wá fà mí ní aṣọ. Ẹ̀dá kan wà lórí igi inú ìgò, ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ṣì rọ̀, wọ́n sì ká jọ. Kí a tó jẹun tán, wọ́n ti gùn, wọ́n mọ́ gaara. Ẹni tí kò wò ó dáadáa yóò pè é ní lámilámi. Ṣùgbọ́n lámilámi a máa na ìyẹ́ sílẹ̀ bí ó bá bà. Èyí pa tirẹ̀ dé bí òrùlé. Ìwo lámilámi sì kéré débi pé a kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Èyí ní ìwo méjì tí orí wọn wú bí kùmọ̀. Mo ya àwòrán mẹ́tàdínlógún. Ẹyọ kan péré ni ó dára, nítorí pé iná kò tó, ọkàn mi kò sì balẹ̀.

Bàbá àwọn ọmọ mú fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí. Ó bi Àdùkẹ́ pé, “Inú iyanrìn wa níhìn-ín?” Ọmọ náà ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì. Lẹ́yìn ilé ìdáná.”

Ó tú ìgò náà sílẹ̀ lójú fèrèsé. Ẹ̀dá náà kò yára, ó ń fò gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ lọ sínú òkùnkùn.

Bírikìlà ti parí iṣẹ́ báyìí, àpò sìmẹ́ńtì kan ṣoṣo ni ó bàjẹ́. Gbogbo ìdí ògiri wa ni ó rẹ́, àfi ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì ní ìbú ṣì jẹ́ iyanrìn. Aládùúgbò wa ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá sìmẹ́ńtì ni kò tó.