Ilé iṣẹ́ àtijọ́ lè di hòtẹ́ẹ̀lì láì pàdánù ojú rẹ̀: Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé

Ẹni tó bá ń gba títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ àti hòtẹ́ẹ̀lì ń hù bí olú ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Lọ́dún 2023 nìkan, wọ́n ṣí èbúté Lẹ́kkí ní oṣù kìn-ín-ní, wọ́n sì ṣí ilé ìfọpo Dangote ní oṣù karùn-ún. Tuntun ni wọ́n. Àmọ́ ilé iṣẹ́ náà máa ń darúgbó. Tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, kí là ń fi ògiri rẹ̀ ṣe?

L'Ékòó, èyí tójú wa mọ́ ni kó di ilé ìjọsìn tàbí ibi ìkẹ́rùsí, tàbí kí katapílà wó o palẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Cape Town?

Ní èbúté Cape Town, ní South Africa, àká ọkà ńlá kan wà tí wọ́n kọ́ parí ní 1924. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àgbàdo sí kí ọkọ̀ òkun tó gbé e lọ. Ilé gogoro rẹ̀ ga tó mítà 57. Ní 2001, iṣẹ́ parí níbẹ̀.

Wọn ò wó o. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Thomas Heatherwick, ayàwòrán ilé láti London. Ní 2017 ilé náà tún ṣí: musíọ́mù iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, Zeitz MOCAA, wà nísàlẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 28, The Silo, wà lókè rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Àká náà kò ní yàrá. Páìpù kọnkéré ńláńlá 42 ló dúró ṣù mọ́ra wọn. Tí wọ́n bá kó gbogbo wọn kúrò, ilé ti lọ nìyẹn. Tí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rìn nínú rẹ̀. Wọ́n wá da kọnkéré tuntun sínú wọn kí wọ́n lè lágbára, wọ́n sì gé àárín wọn ní àwòrán hóró àgbàdo kan. Ẹni tó bá wọlé á rí ojú ibi tí wọ́n gé.

Níta, wọ́n họ ọ̀dà àtijọ́ kúrò kí kọnkéré lè hàn. Lókè, wọ́n fi fèrèsé gíláàsì tó wú síta bí ìrọ̀rí sí i. Kò sẹ́ni tó máa wò ó tí kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ àti tuntun. Bíbọ̀wọ̀ fún ilé nìyẹn: kí ohun tó ṣe nígbà ayé rẹ̀ má pa rẹ́.

Kí ló yẹ kí onílé kọ́kọ́ wò?

Àkọ́kọ́ ni agbára ilé. Létí òkun, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ irin inú kọnkéré, nítorí náà ẹnjiníà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì ni májèlé: epo àti kẹ́míkà tó ti wọ ilẹ̀, àti páànù asbẹ́sítọ́ọ̀sì. Ẹ̀kẹta ni ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀nà àbáyọ tí iná bá ṣẹ́ yọ, torí pé gbọ̀ngàn ẹ̀rọ kì í sábà ní fèrèsé láàárín. Ẹ̀kẹrin ni ìwé àṣẹ. Ní Èkó, àjọ LASPPPA ló ń fúnni láṣẹ, LASBCA ló sì ń bójú tó iṣẹ́ ìkọ́lé.

Èkó ńkọ́?

Freedom Park ní Lagos Island jẹ́ ẹ̀rí pé a lè ṣe é. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Herbert Macaulay sẹ́wọ̀n. Wọ́n ti wó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kí Theo Lawson tó yàwòrán ọgbà ìgbafẹ́ sí i, tí wọ́n ṣí ní 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ló di orí ìtàgé.

Ṣùgbọ́n Ilojo Bar, tí wọ́n kọ́ ní 1855, kò ríbi yè sí. Ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Ìkéde nìkan kò dáàbò bò ó. Ẹni tó rí ìlò fún un ló ṣaláì sí.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè fi gbọ́dọ̀ ṣáájú katapílà: kí nilé yìí tún lè ṣe?