Ojú Tí Kò Ní Orúkọ: Ìtọ́jú Fọ́tò Àtijọ́ ní Ìmẹ̀kọ àti Agbègbè Rẹ̀

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni bí fọ́tò ṣe ń di ìrántí, àti ohun tí ó lè sọ ọ́ di bébà lásán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ikán kò bá ti jẹ fọ́tò, tí òjò kò sì pa á, a ti tọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Èrò tiwa ni pé ìdajì iṣẹ́ ni èyí. Ìdajì kejì ni orúkọ àti ìtàn tí ó rọ̀ mọ́ ojú tí a ń wò.

1. Àwòrán àti ìrántí

Ní ọdún 2001, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà, ṣàlàyé pé a lè tú ọ̀rọ̀ náà, àwòrán, sí à-wò-rántí, èyíinì ni ohun tí a ń wò tí a fi ń rántí nǹkan mìíràn. Bí a bá gba ìtúpalẹ̀ yìí, a óò rí i pé wíwò nìkan kò tó. Ẹni tí a kò sọ nǹkan kan fún, kí ni yóò rántí?

Fọ́tò ìbejì fi èyí hàn kedere. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ère ni àwọn òbí ń jẹ́ kí a gbẹ́ dípò rẹ̀. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí láàrin àwọn ayàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ ọ́ ní ọdún 1978 nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts pé fọ́tò ti ń gba ipò ère lọ́wọ́ àwọn òbí mìíràn. Bí ìbejì náà bá jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, ayàwòrán yóò tẹ àwòrán èyí tí ó kù ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí bébà kan, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, a óò wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, a óò yà á. A óò sì tún wọ aṣọ obìnrin fún un, a óò tún un yà.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ni ọmọ-ọmọ wọn yóò rí ní àádọ́ta ọdún sí i? Ọmọ méjì tí ara wọn le ni yóò rí. Ikú kò hàn nínú rẹ̀ rárá. Àfi bí ìyá bá sọ pé Táíwò nìyí, Kẹ́hìndé ti lọ, fọ́tò tí kò ní àbààwọ́n kankan yóò máa pa irọ́ fún ẹni tí ń wò ó.

2. Àpẹẹrẹ láti Ìmẹ̀kọ

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ń ṣẹlẹ̀ sí odidi ìlú pẹ̀lú. Ọmọ Kétu ni àwọn ará Ìmẹ̀kọ, a sì mọ̀ wọ́n mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ọnà gbígbẹ́. Ní ọdún 1950, William Bascom, onímọ̀ nípa àṣà láti Amẹ́ríkà, bá agbẹ́gilére kan tí ń jẹ́ Duga pàdé ní ìlú náà. Àpilẹ̀kọ tí ó kọ nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1973, orúkọ Duga àti ti ìlú rẹ̀ sì wà nínú àkọlé rẹ̀. Nítorí pé ẹnì kan béèrè orúkọ, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, a mọ Duga títí di òní. Mélòó ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ pé "ọgbẹ́nà Yorùbá kan" lásán ni wọ́n jẹ́ nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkèèrè?

Bákan náà ni ti Pierre Verger, ayàwòrán ará Faransé tí ó di babaláwo ní Kétu ní ọdún 1953, tí wọ́n sì sọ ní Fátúmbí. Nẹ́gẹ́tíìfù tí ó lé ní 60,000 ni ó wà ní àjọ tí ó dá sílẹ̀ ní Salvador, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ní ọdún 1988. Wọ́n ń tọ́jú wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú kan bá wà nínú wọn tí kò ní orúkọ, Salvador kọ́ ni a óò ti mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ilẹ̀ Kétu ni yóò mọ̀ ọ́n. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọdún 1889 sì ti fi ààlà sáàrin Kétu àti Ìmẹ̀kọ. Nítorí náà, ẹni tí yóò dá ojú kan mọ̀ lè máa gbé ní òdì kejì ibodè.

3. Ọ̀nà ìtọ́jú

Kí a má fi fọ́tò sí abẹ́ páànù tí oòrùn ń pa, tàbí kí a gbé e ti ògiri tí ń rin. Kí a má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí a má sì fi ọ̀rá dì í pa bí ìwé ẹ̀rí. Fọ́tò aláwọ̀ a máa ṣá, kódà nínú òkùnkùn. Ti dúdú àti funfun ní ń pẹ́ jù. Ẹ̀yìn fọ́tò ni kí a kọ orúkọ sí, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù tí ó rọ̀, kì í ṣe báírò. Bí a bá fi fóònù ya ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ̀dà náà wà ní ibi méjì ó kéré tán, kí a má sì torí rẹ̀ ju ògidì nù.

4. Ìparí

Èwo ni kí a kọ́kọ́ ṣe? Orúkọ ni. Bébà lè dúró dè wá fún ọdún mélòó kan sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí Bascom dé Ìmẹ̀kọ ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Àrọ́bá kò sì lè wà láìsí ẹni tí yóò rọ́ ọ. Kí a gbé àpótí fọ́tò lọ síwájú wọn, kí a béèrè ta ni, ọmọ ta ni, níbo, nígbà wo, kí a sì kọ èsì wọn sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.