Ohun Tí Ìdánwò Atukọ̀ Kayak Ń Yẹ̀ Wò Lórí Omi Àtọwọ́dá

Ní Lee Valley, lápá àríwá ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà omi àtọwọ́dá kan wà tí wọ́n kọ́ fún ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2012, níbi tí pọ́ǹpù ńláńlá ti ń fa omi láti inú adágún kan lọ sí òkè, tí omi náà yóò sì tún ya wálẹ̀ gba àárín kọnkéré padà sínú adágún ọ̀hún. Gígùn ọ̀nà náà jẹ́ 300 mítà, orí rẹ̀ sì fi mítà 5.5 ga ju ìdí rẹ̀ lọ. Omi tó ń gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tó 13,000 lítà, èyí tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 13. Ibẹ̀ ni Jonathan Akinyemi ti ṣojú orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lọ́dún náà nínú ìdíje kayak, ìyẹn ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí atukọ̀ ń jókòó sínú rẹ̀, tí ó sì ń fi àjẹ̀ tó fẹjú lórí kìíní-kejì tù. Àwọn tí kì í ṣe olùdíje pẹ̀lú ń lo irú ibùdó báyìí, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ kí àwọn olùkọ́ni kọ́kọ́ dán òye wọn wò kí wọ́n tó gbà wọ́n láyè. Ìgboyà kọ́ ni ìdánwò náà ń wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe eré sísá. Ohun tó ń wá ni bóyá atukọ̀ lè dúró níbi tí ó bá fẹ́ dúró, àti bóyá ó mọ ohun tí yóò ṣe bí omi bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo irú ọ̀nà omi bẹ́ẹ̀ fún Òlíńpíìkì, nígbà tí wọ́n kọ́ Eiskanal sí ìlú Augsburg fún ìdíje ọdún 1972. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú ọ̀nà omi bẹ́ẹ̀ àti odò tí Ọlọ́run dá ló mú kí ìdánwò pọn dandan. Nínú odò gidi, ibi tí omi ti le sábà máa ń já sí ibi tó parọ́rọ́, níbi tí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé ti lè sinmi, kí wọ́n sì bá a kó ẹrù rẹ̀ jọ. Ní ọ̀nà àtọwọ́dá, ńṣe ni ibi líle tẹ̀lé ibi líle, débi pé ẹni tó bá jábọ́ lókè lè bá omi lọ títí dé ìdí; kọnkéré sì yí i ká, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ onírọ́bà tó kún fún èrò, tí kò lè tètè yà fún ẹnikẹ́ni, lè máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ìdènà ni ìgbaradì ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí omi bá kọlu òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, yóò pín sí ọ̀tún àti òsì, èyí tó wà lẹ́yìn ìdènà náà yóò sì máa ṣẹ́rí padà sí òkè odò. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti lè dúró láìsí wàhálà. Ẹni tí wọ́n ń dán wò gbọ́dọ̀ lè já wọ ẹ̀yìn ìdènà tí wọ́n bá tọ́ka sí, kí ó sì tún jáde sínú ìṣàn. Bí ó bá ń jáde, ó ní láti gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó kọjú sí òkè odò sókè díẹ̀, nítorí pé bí omi tó ń bọ̀ bá gun ẹ̀gbẹ́ náà, kíá ni yóò dojú ọkọ̀ dé. Ó tún gbọ́dọ̀ lè gba etí kan kọjá sí èkejì láìjẹ́ kí omi gbé e lọ sísàlẹ̀, nípa kíkọ orí ọkọ̀ sí òkè odò, kí ó sì dà á díẹ̀ sí apá ibi tó ń lọ, kí ó wá máa tù ú níwájú-níwájú, kí ìṣàn fúnra rẹ̀ lè bá a tì í kọjá.

Apá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ múra sílẹ̀ fún ni ìdojúdé ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Atukọ̀ tó mọ̀ ọ́n dáadáa yóò fi àjẹ̀ gbára lé ojú omi, yóò fi ìbàdí yí ọkọ̀ dìde, orí rẹ̀ ni yóò sì jáde kẹ́yìn, nítorí pé ẹni tó bá kánjú gbé orí sókè ń fa ọkọ̀ padà sínú omi ni. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, yóò tẹ̀ síwájú, yóò fọwọ́ wá okùn kékeré tó wà níwájú aṣọ tó bo ẹnu ọkọ̀, yóò fà á kúrò, yóò sì ti ara rẹ̀ jáde. Ìdí nìyí tí okùn náà fi gbọ́dọ̀ máa wà níta nígbà gbogbo, nítorí pé bí ó bá há sínú, ọwọ́ kò ní rí i mú lábẹ́ omi.

Bí ó bá ti jáde, kò gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti dìde dúró nínú omi tó ń sáré, nítorí pé ẹsẹ̀ lè há sí ìsàlẹ̀, kí omi sì tẹ ara rì. Yóò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, ẹsẹ̀ yóò wà lókè, yóò sì kọjú sí ìsàlẹ̀ odò. Bí ó bá rí ẹ̀yìn ìdènà nítòsí, yóò dàyà délẹ̀, yóò sì lúwẹ̀ẹ́ kíkankíkan lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ju okùn sí i láti etí omi, yóò dì í mú ní àyà, yóò gbé e kọ́ èjìká, kò sì gbọ́dọ̀ lọ́ ọ mọ́ ọwọ́ láé, kí ó lè jọ̀wọ́ rẹ̀ bí okùn bá há.

Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni ó dára kí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ yíyí ọkọ̀ dìde, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé e lọ sínú omi tó ń ṣàn díẹ̀. Lee Valley pẹ̀lú ní ọ̀nà kejì tó rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 160 mítà, tí ìyàtọ̀ láàárín orí àti ìdí rẹ̀ kò sì ju mítà 1.6 lọ. Àǹfààní ńlá ni pé pọ́ǹpù kì í jẹ́ kí ìṣàn náà yí padà bí ti odò lásìkò òjò, tí atukọ̀ fi lè padà sí ẹ̀yìn ìdènà kan náà léraléra títí ara rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n bá ní kí ó padà sí irú ọ̀nà tó rọrùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò kò pàdánù ohunkóhun. Ohun tí ó kù kí ó kọ́ ni wọ́n fi hàn án, ibi tí ewu rẹ̀ ti kéré ni ó sì ti máa kọ́ ọ.